Ọjọ́ Tí Mo Ni Ilé-Iṣẹ́

Mẹ́tìrì Olúbíyì ṣí fìlà,
ó da ìwé pélébé sínú rẹ̀, ó ní ká mú kọ̀ọ̀kan,
ká má ṣí i wò kí òun tó pàṣẹ.
Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Páànù ń ké lórí wa nínú oòrùn,
àwọn òkè Ṣábẹ̀ dúró sójú fèrèsé
bí àgbà tó wá wòran tí kò fẹ́ jókòó.

Báké mú “àgbẹ̀ olówùú”.
Bíáù mú “ọkọ̀ ojú omi”, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Ẹni méje mú “òṣìṣẹ́”, Wóòrù wà nínú wọn.
Èmi ni mo mú “ọ̀gá ilé-iṣẹ́”.
Mo fò sókè. Ta ni kò ní fò?
Wọ́n fún mi ní agogo, wọ́n fún mi ní igi ìfàlà,
wọ́n ní kí n jókòó sórí àga mẹ́tìrì gan-an.

Aṣọ aró ìyàwó mẹ́tìrì ni òkun.
A tẹ́ ẹ sáàárín kíláàsì:
ẹnu ọ̀nà ni Ṣábẹ̀, abẹ́ pátákó ni ìlú òyìnbó,
níbi tí wọ́n ti ń fi èédú se omi
kí ooru rẹ̀ lè máa ti irin.

Báké kó òwú wá. Òwú gidi, láti oko bàbá rẹ̀,
èèpo rẹ̀ ṣì há mọ́ ọn bí èékánná.
Mo fún un ní ẹfun kan.
Bíáù gbé òwú kọjá aṣọ aró, ó ń fẹ́ èéfín lẹ́nu;
àwọn méje gbà á, wọ́n ń dún gìrì-gìrì-gìrì.
Mo lu agogo: “Ẹ yá a!”
Mo tún lù ú: “Kò tíì tó!”
Nígbà tó padà dọ́dọ̀ Báké, ó ti di ẹ̀wù
tí a fi ìwé gé. Ẹfun mẹ́wàá ni mo pè é.
“Òwú mi kọ́ nìyí?”
“Òun ni.”
“Ta ló wá jẹ mẹ́sàn-án?”
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́tìrì kò rẹ́rìn-ín.
Ó kọ ìbéèrè náà sára pátákó, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó mú “ahunṣọ” nawọ́ sókè:
“Mẹ́tìrì, kí ni èmi yóò ṣe?”
“Jókòó. Ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn.”

Lẹ́yìn náà ó ní ilẹ̀ ti ṣú ní ìlú ẹ̀rọ,
kí àwọn òṣìṣẹ́ sùn fún ìṣẹ́jú kan, abẹ́ tábìlì ni ilé wọn.
Wọ́n dijú, ìpéǹpéjú wọn ń gbọ̀n nítorí ẹ̀rín.
Mo lu agogo. Mẹ́fà dìde.

Mo fi igi ìfàlà kan Wóòrù léjìká.
Mo rò pé ó mọ eré í ṣe ju gbogbo wa lọ:
itọ́ ń já bọ́ ní etí ẹnu rẹ̀,
nǹkan funfun wà nínú irun rẹ̀,
kì í ṣe ẹfun.
“Òkúta ni,” Báké sọ ọ́ wúyẹ́.
“Òun àti ìyá rẹ̀ máa ń fọ́ ọ nídìí òkè lóru,
wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kọ́lé,
bàsíà kan, bàsíà kan.”

Mo gbé agogo sókè. Mo wo mẹ́tìrì.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká òkun,
ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi bo ọmọ náà títí dé ọrùn.
Kò sẹ́ni tó sọ pé eré ti parí.
Àwọn mẹ́fà dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ mi,
mo sì di ahọ́n agogo mú
títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóòórùn irin.