Agolo Ọbabìnrin

Kí Edna Mawer tó mu tíì àárọ̀, á kọ́kọ́ kí agolo.
Agolo bisikíìtì ni. Bisikíìtì inú rẹ̀ ti tán
kí wọ́n tó bí mi. Bọ́tìnnì ló kù níbẹ̀,
abẹ́rẹ́ mẹ́ta, eyín ọmọdé kan tí wọ́n fi òwú wé.
Lórí ìdérí rẹ̀, Ọbabìnrin ń rẹ́rìn-ín músẹ́,
ọ̀dọ́mọge, ọlọ́rùn gígùn, adé tuntun;
ìpáàrà ti jẹ etí rẹ̀ òsì.

Ní Grimsby ni, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń rùn bí ẹja àná.
“Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa,” ni Edna ń wí.
“Ó gorí ìtẹ́, mo wọlé ọkọ.
Ó sin ọkọ tirẹ̀, mo sin tèmi.
Bí irun rẹ̀ ṣe ń funfun lórí owó ẹyọ
ni tèmi ń funfun nínú dígí.”
Kò rí i lójúkojú rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan,
létí ọjà ẹja, nínú òjò:
ìbọ̀wọ́ funfun kan tó juwọ́ lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀.
“Èmi ló juwọ́ sí.” Mi ò jiyàn.
Ta ló ń bá ìfẹ́ jiyàn?

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í ní ọba kú.
Ọba wàjà. Ẹnu wa kì í so ikú mọ́ adé.
Nítorí náà, lálẹ́ tí rédíò ní ara rẹ̀ ò dá,
mi ò lè dá sí ohun tí wọ́n ń sọ ní kíṣìn.
Gethin tó ń se ọbẹ̀ ní kí wọ́n fo àrẹ̀mọ,
ó ti gbó sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n gbé e fọ́mọ rẹ̀.
Beryl ní adé kì í ṣe bọ́ọ̀sì, tí a ó fo ọ̀kan
nítorí pé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ jù ú lọ.
Darek ní kí wọ́n kúkú pa á tì,
kí wọ́n fowó rẹ̀ tún òrùlé wa tó ń jò ṣe.
Ni gbogbo wọn bá wojú mi:
“Báwo lẹ ti ń ṣe é lọ́dọ̀ yín?”

Lọ́dọ̀ wa!
Ilé mẹ́rin ló ń jọba nílùú wa, wọ́n ń jẹ ẹ́ kárí;
ọdún kọkànlá rèé tí ààfin ti ṣófo.
Ilé kejì láwọn ló kàn, ilé kẹta ní irọ́ ni,
ẹjọ́ ń ti kóòtù kan bọ́ sí òmíràn,
adájọ́ méjì ti fẹ̀yìn tì, lọ́yà ti kọ́lé,
ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí ọba ń gbẹ́sẹ̀ lé.
Mi ò sọ ọ́. Mo ní, “Àwa ń yan tiwa,”
mo sì gbé tíì jáde.

Edna ò tíì sùn. Ó da bọ́tìnnì sórí ibùsùn, ó ń kà wọ́n.
Clive àti Roy ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́
nítorí ilé oníyàrá méjì kan.
Ìyá wọn ṣì wà láàyè. Ẹ gbọ́ mi ná:
ìyá wọn ṣì wà láàyè, wọ́n ti ń jà sí kọ́kọ́rọ́.
“Ṣé ó ṣì wà?” ó bi mí. Mo ní ó wà.
“Tó bá lọ, ta ni yóò mọ̀
pé mo ti ṣe ọmọge rí?”

Wọn ò kọ́ wa níyẹn nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́.
Mo nu ìdérí agolo, mo gbé e ti ìrọ̀rí rẹ̀.
Kádé pẹ́ lórí, mo wí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.
Mi ò mọ èwo nínú wọn ni mò ń kí.

Láàárọ̀, dírẹ́bà fún mi ní ṣéńjì:
owó ẹyọ méje, ojú rẹ̀ méje,
gbogbo wọn ń wo ẹ̀gbẹ́ kan tí mi ò rí.
Beryl ní ẹni tó bá kàn, òdìkejì ni yóò kọjú sí,
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é látayébáyé.
Mo ki mẹ́fà sápò.
Ìkeje, mo dì í mú títí mo fi délé.