Òfin Ni

Aago mẹ́jọ ò tíì lù, a ti kún gbọ̀ngàn
ilé-ìwé kan lẹ́yìn Òyèmẹ́kùn, l'Ákùrẹ́,
àwa tíṣà ìṣirò mẹ́tàdínlógójì,
ìwé tuntun lọ́wọ́, báírò tí kò yọ yíǹkì.
Wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni.
Ọ̀gá Fámúrewá rọra bi mí pé, "Owó ọkọ̀ wa ńkọ́?"
Mo ní ká kọ́kọ́ jẹ mọ́ínmọ́ín wọn ná.

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu iṣẹ́.
Ẹfun ti jẹ ìka mi funfun.
Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi?

Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni obìnrin náà wọlé:
kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ, awò lójú.
Ó pa kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ dé,
ó bèèrè ẹfun.
Ó kọ máínọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ́nà máínọ́ọ̀sì márùn-ún,
ó yíjú sí wa:
"Ẹ̀yin àgbà, èéṣe tí ìdáhùn rẹ̀ fi jẹ́ pílọ́ọ̀sì?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.
Fáànù òkè ń ké kẹ́, kẹ́, kẹ́.
Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Òfin ni."
Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo mọ ìbéèrè yẹn, mo mọ ohùn tó ń bi í.

L'Óǹdó ni, òjò ń lu páànù
débi pé à ń pariwo ká tó gbọ́ra.
Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò nílẹ̀kùn
nawọ́: "Èéṣe, sà?"
Mo ní òfin ni.
Ó tún nawọ́: "Ta ló ṣe òfin ọ̀hún?"
Pàṣán mẹ́fà ni mo fi dá a lóhùn.
Mo kà á síta, ení, èjì, ẹ̀ta,
n kò ṣì í kà.
Ìbídùnní Akíndùró.
Orúkọ náà ló wà lára káàdì tó so kọ́rùn yìí.

Ó ní, "Bàbá mi jẹ ẹni mẹ́ta ní gbèsè,
náírà márùn-ún márùn-ún.
Ẹ má fowó náà rẹ́rìn-ín, ìṣirò là ń ṣe.
Lọ́dún tó já bọ́ lórí igi obì,
àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí i, wọ́n pa gbèsè rẹ́.
Kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀.
Èló ló fi sàn ju àná lọ?"

"Ẹ́ẹ̀dógún," ni Ọ̀gá Fámúrewá wí,
ẹnu rẹ̀ ò sì pa dé mọ́.
Ẹ́ẹ̀dógún. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń pè láti kékeré,
tó jẹ ogún ní gbèsè márùn-ún,
tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi í léèrè rí.

Nígbà ìsinmi mo rìn lọ bá a, ìgò omi lọ́wọ́.
Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àtijọ́, sà."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, omi ni mo mu.
Títí di òní n kò mọ̀
bóyá ó ti pa tèmi náà rẹ́
tàbí ó ṣì wà nínú ìwé.

Owó ọkọ̀ ò jáde. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fún wa,
wọ́n ṣi orúkọ mi kọ.
Ní Òwènà mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà,
mo gbé e lé itan dé Òǹdó.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kan tí imú rẹ̀ ń dà
bi mí pé, kí ló dé tí a kò lè fi òdo pín nǹkan?
Mo ní, "Jókòó."
Ó jókòó.
Mo nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.
Mo ní, "Rárá. Dìde.
Tún un bi mí."