Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò rìn rí,
tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ,
ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ gíláàsì mi ní Saskatoon
lọ́jọ́ tí òtútù fìka kọ̀wé sójú fèrèsé.

Abram Friesen ló gbé e wá, tòun tàpótí ẹ̀rọ ìgbìn.
"Eku ló sùn sínú ẹ̀ láti ìgbà ìkórè," ló wí.
"Ó ń tanná, àmọ́ kò rántí nǹkan kan."
Ó ṣí fìlà. Yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀ sórí ilẹ̀ mi.

Àmì róbótó kan wà léjìká rẹ̀: ibẹ̀ la ti ń kà á.
A ó sọ̀ lápá òsì, a ó gòkè lápá ọ̀tún,
bí ẹni tó ń yí ilé ká lálẹ́, tó ń ti ilẹ̀kùn wò.

Ẹsẹ̀ kìíní ni ìpè. Ìpè rẹ̀ kò jọ tèmi tìrẹ:
ìgbà tí a bá fà á wálẹ̀ ló tó ń jẹ́ni.
Gbé e sókè, kò mọ̀ ọ́ rí.
Ìkejì lẹnu, ìkarùn-ún letí;
ẹni tó bá ṣì wọ́n mú, òfo ni yóò kà.
Ìkẹfà ń ka ìṣísẹ̀, kì, kì, kì,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìṣísẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́,
bí bàbá mi ti í rán bàtà: ihò kan, òwú kan.
Ìkẹrin, ilẹ̀.
Ìkẹjọ loúnjẹ; iná díẹ̀ ló ń jẹ,
bu àbùjù fún un, o ti sun ún.

Mo yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n pé.
Àfi ìkeje.

Ìkeje ni "dúró ná."
Òun la fi ń dá a dúró láàárín gbólóhùn
ká lè gbọ́ tẹlòmíràn, ká tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.
Ìtọ̀ eku ti jẹ ẹ́ dé egungun.
Kò kú. Kò gbàgbé.
Wọ́n ní kó dúró ná ni,
kò sì sẹ́ni tó padà wí fún un pé ó yá.

Mo rántí Ìbídùn àbúrò mi ní Ṣakí:
"Dúró ná, mò ń pè ọ́ padà."
Oṣù kọkànlá rèé.

Mo fọ̀ ọ́. Mo yọ́ òjé sí i lẹ́sẹ̀, èéfín rú.
Mo pè é. Ó jẹ́.
Orúkọ oko wá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan:
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi Tẹ́ṣin Kú Sí.
Ilẹ̀ Oníyọ̀. Ti Tina Nìkan.
"Ìyàwó mi ló sọ wọ́n," Friesen wí,
kò wí jù bẹ́ẹ̀.

Mo bá gbé irin gbígbóná lọ sẹ́sẹ̀ kẹta,
ẹsẹ̀ "má kọ": bí mo bá dè é mọ́lẹ̀,
kò sẹ́ni tí yóò pa ohun tó wà ńbẹ̀ rẹ́ mọ́,
kò sì sẹ́ni tí yóò fi kún un.
Ó na ọwọ́, ó dá mi dúró.
"Má dè é.
Ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ kan létí odò.
A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

Ó san owó, ó fi ẹyin méjìlá lé e, ó lọ.
Mo yọ iná irin.
Aago mẹ́ta ọ̀sán níbí; mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Ṣakí.
Ìbídùn kì í tètè sùn.