Ó Lè Dín, Ó Lè Lé

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Húngárì, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nà,
Dezső, àgbẹ̀ ata, bọ́ fìlà rẹ̀, ó bi Piroska léèrè:
"Omi gbígbóná yẹn, báwo ló ṣe jìn tó?"
Òtútù ti pa ata inú ilé gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
owó gáàsì sì ti jẹ ẹ́ dé egungun.

Piroska ò dáhùn kíá.
Ó ti fi ọkọ̀ ńlá gbọn ilẹ̀ láti oko dé oko,
ó ti tẹ́tí sí ìró tó lọ, tó bọ̀.
Ṣùgbọ́n àkókò ni ilẹ̀ fi ń dáhùn, kì í fi mítà dáhùn.
Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́, tí ọmọ wọlé lálẹ́,
ó mọ̀ pé ọmọ pẹ́;
kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ló jìn, tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ló wọ́.

"Ẹgbàá mítà," ló wí níkẹyìn.
"Ó lè dín ọgọ́rùn-ún. Ó lè lé ọgọ́rùn-ún."
"Iyanrìn tó gbé omi náà ńkọ́? Báwo ló ṣe nípọn tó?"
"Ogún. Ó lè dín. Ó lè lé."
Dezső rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú:
"Bàbá àgbà mi tó ń gbẹ́ sàréè kò sọ̀rọ̀ báyìí rí."

Lóru, ó ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan,
ọ̀ọ́dúnrún ni.
Nínú ọ̀kan, orí ìpele náà wú bí búrẹ́dì;
nínú òmíràn, ó rì bí àárín ibùsùn àtijọ́.
Amọ̀ àti iyanrìn wà láàrin ìlà méjì
bí ọmọ ìyá méjì lábẹ́ aṣọ ìbora kan:
bí ọ̀kan bá fà á, èkejì a wà níhòòhò.
Níbòmíràn, iyanrìn fẹ́lẹ́ títí ó fi pòórá.
Kò pa èyí náà rẹ́.
Ohun tí a kò fẹ́ rí lè wà níbẹ̀.

Èmi tí mo ń bá a tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà,
mo ń kà á lábẹ́ ahọ́n ní èdè ìyá mi,
èdè tó máa ń kọ́kọ́ dé orí ogún
kó tó yọ mẹ́ta kúrò, kó tó pè é ní mẹ́tàdínlógún.

Oṣù Kejì. Yìnyín lórí páìpù.
Ẹ̀rọ Zsombor kan orí iyanrìn ní ẹgbàá ó dín méjìlélógójì,
ó já ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mítà mẹ́tàdínlógún.
Omi jáde, ó gbóná, kò hó.
Dezső ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó ṣépè,
ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.
"Ó tó ata," ló wí.

Nísinsìnyí ọ̀ọ́dúnrún àwòrán gba ojú ihò kan ṣoṣo kọjá,
bí òwú tó gba ojú abẹ́rẹ́.
Ṣùgbọ́n rìn díẹ̀ sẹ́yìn ihò náà,
òwú á tún tú.

Lẹ́bàá ọgbà, Etelka olówó pẹ́pẹ́yẹ dúró, oko rẹ̀ wà ní kìlómítà mẹ́rin sí ibẹ̀.
"Lábẹ́ tèmi ńkọ́?"
Piroska nu amọ̀ lọ́wọ́, ó wo koríko pẹ́.
"Ó súnmọ́ ẹgbàá..."
"Mo mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ó lè dín."