Ojú-Ìwé Kẹrin

Àwa márùn-ún ni olùkọ́ pín sí Òde Ìporo:
Mẹ̀tìbóbà tó ní kámẹ́rà, Àmúdípẹ̀ tó ní ọ̀kadà,
ìbejì ará Ẹ̀gbẹ̀ tí kì í gba ọ̀rọ̀ fún ara wọn,
àti èmi. Wọ́n ní ọwọ́ mi dára, kí n di bírò mú.
Ojú-ìwé mẹ́ta péré, olùkọ́ wí,
ẹ má sì gbàgbé déètì.

A gbéra ní Kábà kí ìrì tó gbẹ.
Ọ̀nà pupa, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì,
ọyẹ́ fi ẹfun kun ètè wa.
Àmúdípẹ̀ gbé wa lẹ́ẹ̀mejì,
ó gba owó epo lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí la bá?
Ilẹ̀ gbalasa, igi odán kan,
òkúta kan láàárín tó ga dé orúnkún,
ewúrẹ́ kan lórí òkúta
tó ń jẹ pósítà ìdìbò ọdún tó kọjá.
A fi okùn wọ̀n ọ́n: ogójì ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn.
Ní ti ìbú, àwọn ìbejì kò tíì fẹnu kò.

Akọ̀wé káńsù ṣí fáìlì kan
tí ikán ti kà ṣáájú wa.
"Òde Ìporo," ó ní, "ilẹ̀ òfìfo."
Ó pa á dé. Eruku dìde, ó kí wa.

Bàbá Ọbájẹ̀mú ní òfìfo kọ́.
Ó ní nígbà tí ẹṣin Tápà lọ tán,
tí àwọn tó sá sínú ihò òkè sọ̀ kalẹ̀,
kálukú mú òkúta wẹ́wẹ́ kan wá síbí.
Wọ́n kà wọ́n, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ńlá yìí lé e.
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Òkúta la kà.
Kò pọ̀."

Bàbá Olóbàtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Irọ́ ni. Fọ́mà ọ̀nà ló gbé e síbẹ̀,
kí lọ́rì tó ń kó kọfí lè rí ibi yípo.
Mo wà níbẹ̀. Mo jẹ nínú búrẹ́dì dẹ́rẹ́bà."
Ó dákẹ́. Ó dà bíi pé búrẹ́dì náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo kọ ti ogun. Mo kọ ti lọ́rì.

Ìgbà náà ni Ìyé Fèyíṣará pè mí láti ìdí ààrò:
"Okun o, ọmọ. Wá kọ tèmi."
Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ewé kúrò lábẹ́ odán.
"Ibí ni ìyá mi bí mi sí.
Ó ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, kò débẹ̀.
Àwọn obìnrin na aṣọ yí i ká,
wọ́n ní kí ọkùnrin tó bá ń kọjá máa wo òkè.
Ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́? Wọ́n bá a tà á tán.
Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀ mí."
Mo bi í ní déètì.
Ó ní, "Ọdún tí ẹ̀gẹ́ wọ́n."

Odindi ojú-ìwé kan ni mo fi kọ ọ́.

Lálẹ́, ìjà bẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.
Mẹ́ta ni olùkọ́ wí, mẹ́rin ló wà nílẹ̀.
Ogun ṣe pàtàkì. Lọ́rì ní fọ́tò. Fáìlì ní òǹtẹ̀.
Ìbímọ? Ta ni wọn ò bí?
Àwọn ìbejì fẹnu kò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.
Èmi ni mo di bírò mú.
Èmi ni mo yọ ọ́.

Máàkì mẹ́rìnlá nínú ogún.
Olùkọ́ fi yíǹkì pupa kọ sí etí ìwé:
"Ó dára. Ó kàn gbẹ díẹ̀."

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, mo bá ibẹ̀ kọjá.
Ìyé ló jókòó lórí òkúta, ewúrẹ́ ti yẹ̀ fún un.
"Akọ̀wé, ṣé mo wà níbẹ̀?"
Mo ní, "Ẹ wà níbẹ̀, Ìyé."
Ó sún díẹ̀, ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Mo jókòó. Òkúta náà tutù wọ aṣọ mi.

Nítorí náà, ẹ gbà á báyìí, kò ní òǹtẹ̀:
ní ọdún tí ẹ̀gẹ́ wọ́n,
wọ́n bí obìnrin kan ní Òde Ìporo,
àwọn ọkùnrin ń wo òkè.