Òdo Inú Fọ́ọ̀mù Igba Lé Méje

Yìnyín bo Tabriz mọ́lẹ̀.
Láti ojú fèrèsé, Golnar rí ọmọbìnrin méjì
tí wọ́n fi báńdéèjì bo imú,
wọ́n di ara wọn lápá mú kí ilẹ̀ má yọ̀ wọ́n ṣubú,
wọ́n ń fi ẹ̀rín pamọ́, nítorí ẹ̀rín ń dùn wọ́n.
Ó ń dùn wọ́n, ó sì dùn mọ́ wọn:
"mọ́" kékeré yìí ni wọ́n gba Golnar síṣẹ́ pé kó wọ̀n.

Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé méjìlá ni wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí.
Ẹ mú nọ́ńbà kan, láti orí ení dé orí ẹ̀wá:
báwo ni imú tuntun ṣe tẹ́ yín lọ́rùn sí?
(Imú ni wọ́n gbẹ́, ọrùn ni wọ́n ń bi léèrè.)

Mọ́kànlélọ́gọ́ta kò fèsì.
Ta ló mọ iye tí èèyàn ń pín ìdákẹ́jẹ́ sí?
Igba ó lé àádọ́ta fèsì bó ti tọ́.
Ó rò wọ́n pọ̀, ó pín wọn:
ẹ̀jọ, àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá.
Dókítà Farahvashi pàtẹ́wọ́. "Kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé."

Ó wá ku fọ́ọ̀mù igba lé méje.
Obìnrin yìí kò mú ení, kò mú ẹ̀wá.
Ó fi gègé ya òdo roboto sí ẹ̀gbẹ́ ìwé,
níbi tí ẹnikẹ́ni kò fún un láyè.
"Àṣìṣe ni. Yọ ọ́," ni dókítà wí.
Golnar gbé fóònù.

"Rárá o, iṣẹ́ dókítà dára," ni Mahlagha dáhùn.
"Imú náà rẹwà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bèèrè iye tí mo san.
Ṣùgbọ́n bàbá mi, tí ogbó ti ń kó orúkọ wa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan,
imú ìyá rẹ̀ ló fi ń dá mi mọ̀.
Láàárọ̀ yìí mo gbé tíì fún un.
Ó dúpẹ́ bí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò.
Ó ní: ọmọ ta ni yín?"

Golnar kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé orí imú ara rẹ̀.

Ó dá òdo padà sáàárín àwọn yòókù, ó tún un pín.
Ẹ̀jọ, àti ìdá mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún.
Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ife tíì yẹn,
ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló já.
Dókítà lè má tilẹ̀ rí i.
Ó fi gègé pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀:
Ẹ má yọ ọ́. Ó fèsì.