Ọmọ Ń Mí Níbí

Sìgá ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ìṣirò.
Ẹyọ méjì, ogún náírà. Ọgọ́rùn-ún ni mo mú lọ,
ọgọ́rin ni mo gbọ́dọ̀ mú bọ̀.
Olùkọ́ wa ní Alékúwodò rò pé orí mi ló pé.
Kò mọ̀ pé ìsọ̀ Sífáwù ni mo ti ń ṣe kíláàsì ìrọ̀lẹ́,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-irin, níbi tí pákó ìtajà ga jù mí lọ,
tí mo ń nawọ́ sókè bí ẹni ń tọrọ àánú.

Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, kì í na ẹnikẹ́ni nínú wa.
Ẹ jẹ́ n sọ èyí ná, kí ẹ má baà fojú ìkà wò ó.
Ṣùgbọ́n yàrá kan ni àwa márùn-ún ń gbé,
fèrèsé kan, kọ́tìnnì kan,
bí ó bá sì fa tirẹ̀ lálẹ́,
gbogbo wa la jọ ń fà á.

Màmá mi já kọ́tìnnì yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan,
ó rẹ ẹ́ sínú bàsíà. Omi náà pọ́n bí àgbo.
Ó dà á nù, ó bu òmíràn, ó tún pọ́n.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn jókòó tì í, ó ń wò ó.
“Bí aṣọ bá mu tó báyìí,
kí ni ẹ̀dọ̀fóró Mùfú ti mu?”

Mùfú ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin.
Àyà rẹ̀ a máa súfèé,
bí ìgbà tí atẹ́gùn ń wá ọ̀nà gbà lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Mo mọ ọ̀nà Asúbíàró lóru
ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án.
Nọ́ọ̀sì fi ike bo imú rẹ̀, kò gbójú sókè:
“Ta ló ń mu sìgá nílé?”
Bàbá ní, “Ìta ni mo ti ń mu ún báyìí.”
“Ẹ wọ ìta ọ̀hún wọlé, Bàbá.
Ó wà lọ́rùn ẹ̀wù yín.”

Àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú.
Wọn ò sọ fún wa pé bó bá rú tán,
àyà kékeré ló ń wá sùn sí.

Kì í ṣe ọjọ́ náà ló jáwọ́. Ẹ jẹ́ n pa òtítọ́.
Ọyẹ́ ló mú un.
Òwúrọ̀ kan tí a ò rí ojú-irin nínú kùrukùru,
Mùfú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀kì mi láàárín ìka méjì.
Ó fi sẹ́nu, ó dijú, ó mí sóde:
èémí rẹ̀ rú funfun.
Ó gbọn eérú tí kò sí dànù.
Ó wúkọ́ gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe ń wúkọ́,
ó ní, “Ẹ má bínú, iṣẹ́ pọ̀ lónìí.”
Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà há sọ́nà.
Bàbá gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀,
kò sì rántí gbé e mọ́ títí oòrùn fi mú.

Ó gbìyànjú, ó ṣubú. Ó ń jẹ orógbó, ó ń bá rédíò jà.
Ní oṣù kejì, ó tún rán mi.
Sífáwù wo ọwọ́ mi lórí pákó, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
“Sọ fún bàbá ẹ pé n ò tà fún ọwọ́ kékeré mọ́.
Kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.”
Ó fún mi ní gúgúrú, kò gbowó.
Mo mú ọgọ́rùn-ún náà padà sílé, ó pé,
ìṣirò àkọ́kọ́ tí kò ní ṣéńjì.

Mùfú ti nírùngbọ̀n báyìí. Ike rẹ̀ ṣì wà lápò.
Lára ògiri lẹ́bàá fèrèsé, ìkọ̀wé ọmọdé mi ṣì wà,
ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ ọ́: ỌMỌ Ń MÍ NÍBÍ.
Bàbá ti kun yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì.
Bó bá débẹ̀, á rọra fi búrọ́ọ̀ṣì yí i ká.